Ilé Tí Wọ́n Ń Tà Ní Ọ̀sẹ̀ Ọ̀sẹ̀

Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ahọ́n. Ó ní kí púlọ́ńbà náà lọ sinmi, kì í ṣe ìsinmi ẹnu lásán, bí kò ṣe ìsinmi gidi, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀kan nínú bálùwẹ̀ oníbàárà, ìṣubú kejì sì lè máà ní ìdìde nínú. Ọkùnrin náà gbọ́, ó dúpẹ́, ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì gba ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ tààrà síbi tí páìpù kan ti bẹ́. Ìyàwó rẹ̀ tó bá a lọ ló dá gbé àpò oògùn wálé.

Ọ̀gá Páìpù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ikùn rẹ̀ yọ síwájú díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, kò sì sí ilé kan ní òpópónà wọn tí kò tíì fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ síǹkì rẹ̀ rí. Fóònù rẹ̀ a máa dún nígbà tí ìwàásù bá ń lọ lọ́wọ́. Á dìde, á tẹrí ba síhà pẹpẹ, á sì yọ́ jáde. Àlùfáà dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó rán an létí pé Ọlọ́run pàápàá sinmi.

Ó dáhùn pé, "Òótọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n Ó ti parí iṣẹ́ tirẹ̀ kí Ó tó sinmi."

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀. Aṣọ ilé ìwé ló máa ń rán nínú yàrá iwájú, ó sì ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun, èyí tó ń lo iná. Ọjọ́ tó lọ gba owó náà ní báńkì ni géńdé kan tó wọ kóòtù kí i lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn ẹni tó ń pe èèyàn wá síwájú pẹpẹ. Ó ní kí Màmá jókòó, ó gbé omi tútù fún un, ó sì ṣí àwòrán sílẹ̀ níwájú rẹ̀: òkun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí òkun, ibùsùn funfun kan tí kò sí nǹkankan lórí rẹ̀.

Ó bi í pé, "Màmá, ìgbà wo lẹ sinmi kẹ́yìn?"

Aránṣọ náà ronú títí, kò rántí. Ó sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ fún géńdé náà, ó sọ ohun tí dókítà wí. Géńdé náà mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ta ilé náà. Ẹni tó bá rà á, ọ̀sẹ̀ kan nínú ọdún jẹ́ tirẹ̀ lọ́dọọdún títí ayé, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì jogún rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yòókù jẹ́ ti àwọn ẹlòmíràn. Bí àwọn kan bá ti ń gbẹ́rù jáde ni àwọn mìíràn á máa gbé tiwọn wọlé. Lẹ́yìn owó tí wọ́n fi rà á, owó ìtọ́jú díẹ̀ wà tí oníkálukú ń san lọ́dún, kí ilé má baà bàjẹ́. Bí kò bá sì tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n lè dá a padà kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, díẹ̀ ni wọn yóò yọ nínú owó tí wọ́n san.

Kì í ṣe òkun ló wọ aránṣọ náà lójú. Ohun tó rò ni pé ibẹ̀ jìnnà, ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé púlọ́ńbà ni ọkọ òun. Ó gbàdúrà kúkúrú nínú ọkàn rẹ̀, ó sì san owó ẹ̀rọ ìránṣọ náà.

Orí oúnjẹ ló ti sọ fún ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé ṣíbí sílẹ̀.

"O ra kí ni?"

"Ọ̀sẹ̀ kan."

"Wọ́n ń ta ọ̀sẹ̀ ni? Èmi rò pé ọ̀fẹ́ ni Ọlọ́run ń fún wa."

"Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Bàbá àwọn ọmọ. Ilé ni. Etí òkun ló wà."

"Tí ọ̀sẹ̀ ọ̀hún bá wá pé ńkọ́?"

"A ó kó jáde."

"Nínú ilé tí a fowó wa rà?"

"Nínú ilé tí a fowó wa rà."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó rí i pé ìyàwó òun kò rẹ́rìn-ín, ó nu ojú, ó ní òun á lọ. Obìnrin náà fi kún un pé àpò irinṣẹ́ kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé wọn, fóònù sì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ àkọ́bí wọn títí wọn yóò fi dé. Ó gbà. Olóòótọ́ ènìyàn ni, nígbà tí wọ́n sì ń lọ, àpò náà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tó máa ń wà.

Àjà kejì ni yàrá wọn wà, nínú ilé gígùn kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ìyeyè. Kọ́tìnì rẹ̀ ti ṣá lápá ibi tí oòrùn ti ń wọlé. Lórí tábìlì ìdáná, ẹnìkan ti fi ìkòkò gbígbóná sàmì bíríkítí sí i. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kan wà lábẹ́ ibùsùn, ó ṣì tutù díẹ̀. Àmọ́ òkun wà níbẹ̀ lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú àwòrán, afẹ́fẹ́ sì ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé. Obìnrin náà tẹ́ aṣọ ibùsùn tirẹ̀ tó gbé láti ilé, ó gbé àga méjì síta, ó ní kí ọkọ òun wá jókòó.

Ọkùnrin náà jókòó. Ó wo òkun. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó yí orí sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n pè.

"Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Kí ni?"

"Ẹ̀rọ omi inú bálùwẹ̀ yẹn. Ó ń kán."

"Jẹ́ kó máa kán. Kì í ṣe tiwa nìkan."

"Ọ̀rọ̀ lo sọ yẹn. Bí gbogbo wọn ṣe ń sọ nìyẹn, ìdí nìyẹn tó fi ń kán."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá máníjà. Máníjà náà rí tẹ́ẹ́rẹ́, ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó ń fa ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀ lápá kan, òun nìkan ló sì ń dá ṣe ìtọ́jú gbogbo ilé náà. Ọ̀gá Páìpù kò sọ iṣẹ́ tí òun ń ṣe. Sípánà lásán ló yá. Ó gé rọ́bà láti ara sálúbàtà tó ti já, kí omi orí iná tó hó, ẹ̀rọ omi ti dákẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ kò bínú sí ìyẹn. Ó rò pé ó parí síbẹ̀.

Àwọn ará yàrá òdìkejì gbọ́ pé ìyẹn ti dákẹ́, wọ́n béèrè ẹni tó tún un ṣe. Tiwọn kì í kán, ńṣe ló ń ṣàn. Lẹ́yìn tiwọn, ó kan ilé ìyàgbẹ́ ìsàlẹ̀ tí kì í fa omi mọ́. Nígbà tó fi di àárín ọ̀sẹ̀, àwọn ènìyàn ti ń dúró lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀, tí aṣọ ìnura wà léjìká wọn, tí wọ́n ń bi ara wọn pé ṣé Dádì ti jí. Ọkùnrin náà a jáde sí wọn pẹ̀lú ojú tó ń dán. Ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ a ti rin fún omi kí oòrùn tó mú.

Obìnrin àgbà kan wà nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ wọn, tí àwọn èèyàn ń pè ní Ìyá Onídígí nítorí awò ojú rẹ̀ tó nípọn. Ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà. Ó wá jókòó ti aránṣọ náà lórí àga kejì, èyí tí ọkọ rẹ̀ kò jókòó lé mọ́.

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tiyín ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọkọ mi ló ra tiwa. Ó lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan níbí kó tó papò dà. Mo ń wá nítorí rẹ̀." Ó bọ́ awò náà, ó nù ún. "Owó ìtọ́jú yẹn, ọdọọdún ni wọ́n ń bù sí i. Mo fẹ́ tà á, n kò rẹ́ni rà á. Mo fẹ́ fi ta ọmọ mi lọ́rẹ, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n fi aago bàbá òun fún òun dípò rẹ̀."

Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ojú tì í pé òun rẹ́rìn-ín.

"Ẹ rín in," Ìyá Onídígí sọ. "Èmi náà rín in. Ṣùgbọ́n bálùwẹ̀ mi dára lọ́dún yìí o. Ọdún mélòó tí mo ti ń san owó ìtọ́jú, ọkọ yín ni ẹni àkọ́kọ́ tó tọ́jú nǹkan."

Nígbà tí obìnrin náà padà sí yàrá rẹ̀, aránṣọ náà jókòó síbẹ̀. Ó ń wo àwọn ìgbì, ó sì ń ro ọ̀rọ̀ náà bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ló ra ilé. Àwọn ló ń san owó ìtọ́jú. Ẹni tó ń tọ́jú ilé náà ni ọkọ òun, tí dókítà ní kó lọ sinmi. Òun ti fi owó ẹ̀rọ òun ra iṣẹ́ fún un, ní ibi tó jìnnà sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni ọkọ rẹ̀ sáré gun àtẹ̀gùn wọlé, àyà rẹ̀ ń lù lójú aṣọ. Ìròyìn ayọ̀ ló mú wá.

"Ìyá àwọn ọmọ, ọpẹ́ yẹ Ọlọ́run! Máníjà ti bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní tí mo bá ń tún gbogbo páìpù ilé yìí ṣe ní ọ̀sẹ̀ tiwa lọ́dọọdún, a ò ní san owó ìtọ́jú mọ́ láé. Ọ̀fẹ́!"

"Ẹ jókòó, ẹ mí ná."

"Mo ní ọ̀fẹ́ ni. O kò yọ̀?"

"Kí ni wọ́n ní ká ṣe lọ́fẹ̀ẹ́? Ká wá ṣiṣẹ́?"

"Iṣẹ́ díẹ̀."

"Mo rí i lẹ́yìn aṣọ yín bó ṣe jẹ́ díẹ̀ tó." Kò gbé ohùn sókè. "Ẹ sọ fún mi. Ọkọ wo ni mo gbé wá síbí, tí mo fi owó mi gbé wá, pé kó jókòó kó wo omi? Ẹ ò lè jókòó? Kí ló dé? Ṣé àga ń gún yín ni?"

Ọkùnrin náà ti ń rẹ́rìn-ín láti fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dúró. Ó jókòó sí etí ibùsùn. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ìpẹtà wà lábẹ́ èékánná.

"Àga kọ́," ó sọ. "Ọ̀sán ni."

"N kò gbọ́ yín yé."

"Bàbá mi ò ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ o. Ó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, ó ní ó rẹ òun díẹ̀, kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ kí oúnjẹ tó jinná. Oúnjẹ jinná. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ jí i."

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti jọ ń sùn, tí wọ́n jọ ń jí. Aránṣọ náà mọ ọjọ́ tí bàbá ọkọ rẹ̀ kú, àwọn ọmọ sì máa ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà. Kò gbọ́ ìyẹn rí.

"Lóru, kò sí wàhálà," ọkùnrin náà ń bá a lọ. "Gbogbo ayé ló ń sùn lóru. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́sàn-án, tí gbogbo ibi bá dákẹ́, ọkàn mi á bẹ̀rẹ̀ sí í lù, á máa lù kì, kì, kì. N ó dìde."

"Lábẹ́ síǹkì ńkọ́? Ṣebí ẹ̀yìn náà lẹ fi ń lélẹ̀ níbẹ̀."

"Sípánà wà lọ́wọ́ mi níbẹ̀."

Obìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fẹ́ sunkún, kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé àga kan wọlé, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn níbi orí, ó sì jókòó lé e. Ó yọ aṣọ ìbora, ó gbọ̀n ọ́n.

"Ẹ bọ́ aṣọ tútù yẹn. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀."

"Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ ṣá?"

"Mo gbọ́. Mo jókòó. N kò ní dìde níbí."

"Tí mi ò bá wá jí ńkọ́?"

"N ó jí yín. Látàárọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó wa ni mo ti ń jí yín, ìgbà wo lẹ kọ̀?"

"Ìgbà púpọ̀."

"Ẹ sì jí náà ni."

Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ẹni tó ń dùbúlẹ̀ sórí tábìlì dókítà, apá rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú rẹ̀ sì là kalẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ mú ọwọ́ rẹ̀ kan, ó sì ń kọ orin kan lábẹ́nu, èyí tí àwọn àgbà máa ń kọ ní ìparí ìsìn, láìsọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ọwọ́ náà le. Ó pẹ́ kó tó dẹ̀. Nígbà tó dẹ̀, ojú ọkùnrin náà ti pa dé, ó sì ń hanrun díẹ̀díẹ̀.

Pọ́ǹpù tó ń fa omi sókè fún gbogbo ilé náà bà jẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ìró rẹ̀ kọ́kọ́ yí padà, ó ṣe bí ẹni tí ikọ́ mú, lẹ́yìn náà ló dákẹ́. Láìpẹ́, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Ẹnìkan ń ké pé ọṣẹ wà lójú òun. Ẹlòmíràn ń ké pé kí wọ́n pe Dádì.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn wọn. Aránṣọ náà kò dìde, gẹ́gẹ́ bó ti ṣèlérí. Fèrèsé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn wà nítòsí àga rẹ̀, ó na ọwọ́, ó ṣí i díẹ̀. Máníjà ló wà níta, ìwé àdéhùn tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, tọ́ọ̀ṣì wà ní ìkejì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, Dádì ńkọ́?"

"Ó ń sùn."

"Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, mà. Kò sí omi nínú yàrá kankan."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o."

"Ẹ bá mi jí i. Mo ti mú ìwé ọ̀hún wá. Àwọn ọ̀gá ti fọwọ́ sí i, ọ̀fẹ́ ni."

"Mo gbọ́. Ọ̀wọ́n ni fún wa." Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, àmọ́ kò wá ọ̀rọ̀ tì. "Ẹ bá wa sọ fún wọn, a ó dá ilé náà padà. Kí wọ́n yọ èyí tó bá jẹ́ tiwọn nínú owó náà. N ó wá fọwọ́ sí i tó bá jí."

Máníjà wo ojú rẹ̀, ó wo àtẹ̀gùn tí ariwo ti ń bọ̀, kò sì mọ èwo ni kó dá lóhùn. Ènìyàn dáadáa ni, obìnrin náà sì káàánú rẹ̀. Ó káàánú ẹni tí ọṣẹ wà lójú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìgò omi mímu wọn wà lórí fèrèsé, ó fi gbogbo rẹ̀ lé máníjà lọ́wọ́ pé kó fi ṣan ojú onítọ̀hún, ó sì fa fèrèsé padà.

Ó jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó ń gbé e sókè, ó ń gbé e sílẹ̀. Nígbà méjì, èémí ọkùnrin náà lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òun náà dá èémí tirẹ̀ dúró láti lè gbọ́ ọ. Ó fẹ́ jí i nígbà kejì. Kò jí i. Ó ń gbàdúrà, ojú rẹ̀ kò sì kúrò ní àyà ọkọ rẹ̀, tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ wálẹ̀. Oòrùn kúrò lára kọ́tìnì, ó gba ara ògiri kọjá. Nísàlẹ̀, wọ́n ti rí ẹnìkan pè, onítọ̀hún sì ń fi irin lu irin.

Ọkùnrin náà la ojú. Ó wo àjà títí, lẹ́yìn náà ó yí orí síhà àga.

"Mo jí," ó sọ, bí ẹni tó ń mú ìròyìn wá fún ará ilé.

"Ẹ jí."

"O ò jí mi."

"Ẹ fúnra yín lẹ jí."

"Máníjà wá?"

"Ó wá. Mo ní a ó dá a padà."

Ìyàwó rẹ̀ ń retí pé yóò bínú. Kò bínú. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú.

"Nílé ńkọ́?" ó béèrè. "Ta ló máa jókòó níbẹ̀? Iṣẹ́ rẹ ńkọ́?"

"Àga wà nílé. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń wa ẹ̀rọ mi, ojú mi lè máa wò yín."

Irin tún dún nísàlẹ̀. Ọkùnrin náà dẹ etí.

"Kí ni wọ́n ń lù bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Pọ́ǹpù. Omi ti lọ látìgbà tí ẹ ti sùn."

"Látìgbà tí mo ti sùn!" Ó dìde jókòó, ó tún dẹ etí, ojú rẹ̀ sì fà ro. "Ibi tó ń lù yẹn kọ́ ló yẹ kó lù o. Ó máa fọ́ ọ ni."

Aránṣọ náà kò mú un lápá, kò sì dìde lórí àga. Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀, ó fi wá sálúbàtà rẹ̀ lórí ilẹ̀, ó rí i, ó ti ìka bọ̀ ọ́. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wo ìyàwó rẹ̀ tó ti jókòó síbẹ̀ láti ọ̀sán, tó ń fi ọwọ́ ra orúnkún.

"Ṣé o ṣì máa jókòó díẹ̀ sí i?"

"Mo wà ńbí."

Ó yọ ẹsẹ̀ nínú sálúbàtà náà, ó gbé e padà sórí ibùsùn, ó sì kọjú sí ògiri. Nísàlẹ̀, ọkùnrin yẹn ṣì ń lu ibi tí kò yẹ kó lù.